Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Wẹ́bsáìtì Tó Ń Tajà Àti Èyí Tó Kàn Ń Tàn Yanran

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ wẹ́bsáìtì bísínẹ́ẹ̀sì pọ̀ gan-an, a mú 5 nínú wọn. A yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, iṣẹ́ àti àdúgbò wọn nìkan la fi sílẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé ìròyìn. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́bsáìtì, ó rẹwà gan-an, ó ń tàn yanran, àwọn èèyàn sì ń wọ ibẹ̀ torí ó fi ibi tí wọ́n ti ń ka iye àwọn tó wọlé hàn mí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rajà níbẹ̀. Gbogbo wọn á kàn wá sórí WhatsApp, "Ẹ kú ọjà mà, èló ni?", tí mo bá sì ti dá wọn lóhùn tán wọ́n á dákẹ́. Kí ló fà á?
Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjà o Màmá, ajé á wọgbá. A ṣí sáìtì yín lórí fóònù kékeré kan, irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà ńlá tí ọmọ yẹn fi kọ́ ọ. Ohun tá a kọ́kọ́ rí ni òyìnbó méjì tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì, wọ́n kọ "Welcome to our website" sí i lórí, kò pẹ́ àwòrán yẹn yí, òmíì dé, ilé gogoro kan ni, kò sí àdìrẹ kankan ńbẹ̀. A fìka fà á wálẹ̀, fà á wálẹ̀, ká tó rí aṣọ, nígbà tá a sì rí i, kò sí iye owó, kò sí iye yáàdì, "Contact us for price" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Màmá, ibẹ̀ gan-an lọjà ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó ń wá aṣọ lórí fóònù lálẹ́, tó ti rẹ̀ ẹ́, tọ́mọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí dátà ń lọ, ìbéèrè díẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹ̀: kí lẹ̀ ń tà, èló ni, báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi, ta sì lẹ̀yin tí mo fẹ́ kówó fún. Tí sáìtì ò bá tètè dá a lóhùn, ó ti jáde nìyẹn, kò ní bínú, kò ní sọ fún yín, á kàn gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Sáìtì tó bá ti dáhùn kí wọ́n tó bèèrè lèyí tó dáa lójú tiwa, bó ń tàn bí ò tàn. Àwòrán tó ń yí bírí lókè yẹn, a ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ rárá, kì í jẹ́ kéèyàn rójú ka nǹkan.

Ẹ ní kí ọmọ yẹn yọ àwọn òyìnbó yẹn kúrò. Fọ́tò aṣọ yín gan-an ni kó wà lókè, kí gbólóhùn kan wà lábẹ́ ẹ̀: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko, ọwọ́ ara wa la fi ń rẹ ẹ́ láró ní Ìtòkú, a sì ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo ní Nàìjíríà." Ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, lábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí kọ́sítọ́mà ìbá bi yín ká ní iwájú yín ló dúró sí, torí kò lè fọwọ́ kan aṣọ yẹn wò. Yáàdì mélòó ni, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, ṣé kọ́tìnì ni àbí ṣílíkì, ṣé ẹlẹ́kọ ni àbí kàḿpálà, ṣé aró ìbílẹ̀ lẹ lò àbí ti kẹ́míkà, báwo ni kí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé aró á jáde díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dá a fọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tó ti kà á ò ní pariwo olè lé yín lórí tó bá rí omi tó dúdú nínú báàfù. Ní ti fọ́tò, ẹ ya èyí tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí bátànì ẹ̀ hàn látòkè délẹ̀, ẹ ya èyí tó sún mọ́ ọn gan-an kójú rí bí aṣọ náà ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ wá ya èyí téèyàn rán sọ́rùn. Ìta gbangba láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti yà á o, iná ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ aró padà.

Ọ̀rọ̀ iye owó, a mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, àti pé àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní ìsọ̀ á rí iye tẹ́ ẹ̀ ń tà. Wọ́n á rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣebí wọ́n lè rán ọmọ wá bèèrè? Kọ́sítọ́mà nìkan lẹ̀ ń fi pamọ́ fún. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, tiẹ̀ ní ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye ẹ̀ hàn. Ẹ kọ iye owó, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tó máa wà bẹ́ẹ̀ dà, tó bá ti yí kẹ́ ẹ yí i. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ̀yin fúnra yín mọ bẹ́ ẹ ṣe lè yí i láti orí fóònù yín láìjẹ́ pé ẹ pe ọmọ yẹn, torí tó bá jẹ́ ìgbà tó bá ráyè ló máa tó yí i, iye tó ti kọjá lọ ló máa wà níbẹ̀ títí.

Ìbéèrè "ta lẹ̀yin" yẹn ló le jù nílẹ̀ wa, torí wọ́n ti lu ọ̀pọ̀ èèyàn ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ara ti ń fu kálukú. Ẹ fi fọ́tò ara yín nídìí ìkòkò aró síbẹ̀, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà CAC tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, ọ̀rọ̀ àwọn tó ti rà lọ́wọ́ yín rí tí wọ́n sì gbà kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí aṣọ bá dé tí kò jọ èyí tó wà ní fọ́tò, ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè fi dá a padà, ta ló máa san owó mọ́tò. Ẹ má kọ ọ́ ní òyìnbó lọ́yà o, ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu.

Tó bá kan owó sísan, Paystack àti Flutterwave wà, wọ́n á bá yín gba káàdì, wọ́n á gba tíránsífà, owó á sì wọ àkáǹtì yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe fọ́ọ̀mù tí èèyàn á máa kọ nọ́ńbà káàdì ẹ̀ sí, tó sì ń bọ́ sínú íméèlì yín, ìjàngbọ̀n gidi nìyẹn. Orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì yín ni kó máa jáde tí wọ́n bá fẹ́ san, tí wọ́n bá rí orúkọ ọmọ yín níbẹ̀, ara á tún fu wọ́n.

Ẹ má sì yọ WhatsApp kúrò. Ẹ fi bọ́tìnnì ẹ̀ sábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, wa.me/ ni ìlà ẹ̀, ìyẹn link, fi máa ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e, 234 níwájú, láìsí òdo àkọ́kọ́ yẹn, láìsí àmì ìròpọ̀. Kó jẹ́ pé orúkọ aṣọ yẹn ti wà nínú ọ̀rọ̀ tó máa fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ń sọ.

Ẹ ǹlẹ́ o. Kéèkì àti small chops ni mò ń ṣe ní Bódìjà, Ìbàdàn. Instagram mi ń lọ dáadáa, WhatsApp mi náà ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe wẹ́bsáìtì, ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe é sì dá owó ńlá lé mi. Ṣé dandan ni?
Oníkéèkì, Bódìjà, Ìbàdàn

Kì í ṣe dandan lónìí, àǹtí wa, pàápàá tó bá jẹ́ owó fùláwà lẹ fẹ́ kó lé e lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù fún yín. Ní October 4, 2021, Monday ni, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo káàkiri ayé, ó tó bíi wákàtí 6 kí wọ́n tó jí. Ní June ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, January 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń tajà ńkọ́? Ká má tiẹ̀ wá sọ ti àwọn ọmọ Yahoo tó lè gba àkáǹtì Instagram mọ́ yín lọ́wọ́ lóru, tí wọ́n á wá máa fi orúkọ yín gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín.

Torí náà, ohun tá a máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ ra orúkọ sáìtì tiyín, .com.ng kì í sábà wọ́n, kẹ́ ẹ wá ṣe ojú ìwé kan péré. Kéèkì tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àti iye ẹ̀ ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mélòó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á ni kí wọ́n ti bẹ̀ yín níṣẹ́, iye tí wọ́n máa san sílẹ̀, àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé e dé, bọ́tìnnì WhatsApp, ó parí. Ẹ wá gbé ìlà ẹ̀ sí Instagram yín. Èyí tí wọ́n dá owó ńlá lé yẹn lè dúró.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ rárá, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Google Business Profile, ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù jáde lórí Google Maps tí ẹnì kan ní Agodi bá ń wá oníkéèkì tó wà nítòsí. Google á ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yẹn lóòótọ́, nígbà míì wọ́n á ní kẹ́ ẹ ya fídíò. Tó bá jẹ́ inú ilé lẹ ti ń ṣe é, tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ káyé mọ ilé yín, wọ́n gbà kẹ́ ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì pamọ́, kẹ́ ẹ kọ àwọn àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé kéèkì lọ nìkan.

Ẹ gbà mí o ẹ̀yin èèyàn mi. Káfíńtà ni mí l'Óṣogbo, àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kàn. Ẹni tó ṣe sáìtì fún mi ti lọ sílùú òyìnbó, kì í gbé fóònù mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá sáìtì ò ṣí mọ́, íméèlì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi náà ti kú. Bẹ́ẹ̀ mo ti kọ orúkọ sáìtì yẹn sára ọkọ̀ àti sára rìsíìtì. Kí ni kí n ṣe?
Káfíńtà, Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o Bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá torí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ irú ẹ̀, kò sì yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ séèyàn tó ń fi òógùn ojú ẹ̀ jẹun. Ó jọ pé owó ọdún ló tán tí ẹnikẹ́ni ò san. Nǹkan méjì ni wọ́n ń sanwó fún lórí sáìtì: domain, ìyẹn orúkọ ẹ̀, àti hosting, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé. Èyí tó bá tán nínú méjèèjì, sáìtì á kú.

Orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré sí. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní WHOIS, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ orúkọ sáìtì. Tó bá parí sí .ng, sáìtì NiRA ni kẹ́ ẹ lọ, àwọn ni wọ́n ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á àti ọjọ́ tó kú. Tó bá jẹ́ .com, ó máa ń láàyè díẹ̀ lẹ́yìn tó bá kú tí wọ́n ṣì lè san iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, tíyẹn bá ti kọjá, ọjọ́ 30 ló kù tẹ́ni tó ni ín fi lè rà á padà, owó ìyẹn sì máa ń wọ́n burúkú, lẹ́yìn ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè gbé e. Ẹ má fònídónìí fọ̀la dọ́la lórí ẹ̀ rárá. Ẹ kàn sí ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ mú ìwé CAC yín, rìsíìtì owó tẹ́ ẹ san fún ọ̀gbẹ́ni yẹn, kódà fọ́tò ọkọ̀ tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ orúkọ yín ni wọ́n fi rà á, ọ̀rọ̀ ò le. Tó bá jẹ́ orúkọ tiẹ̀, òun ló ni ín lójú tiwọn, bíi kéèyàn kọ́lé kí wọ́n wá kọ orúkọ ẹni tó kùn ún lọ́dà sínú ìwé ilẹ̀. Ẹ wá a kàn nígbà náà, ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ẹ̀ tó kù ńlé, ẹ fẹ̀sọ̀ bá a sọ ọ́. NiRA náà ní ìlànà fún ẹni tó bá ń jà lórí orúkọ .ng, àmọ́ kì í yá, ó sì ń náni lówó.

Ẹ tún wo web.archive.org, ẹ tẹ orúkọ sáìtì yẹn síbẹ̀, àwọn yẹn máa ń tọ́jú ẹ̀dà sáìtì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ọ̀rọ̀ àti fọ́tò àwọn àga yín kó jáde ńbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí tẹ́ ẹ sì fẹ́ ṣe tiyín, ẹ jọ̀ọ́, íméèlì tiyín ni kẹ́ ẹ fi ra domain, orúkọ tiyín ni kó wà níbẹ̀, káàdì tiyín ni kẹ́ ẹ fi san án, kí páswọ́ọ̀dù domain àti ti hosting wà lọ́wọ́ yín ní kíkọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì lo íméèlì tó wà lórí sáìtì yẹn kan náà fún ríra ẹ̀, torí ọjọ́ tí sáìtì bá kú, íméèlì tí wọ́n máa fi kìlọ̀ fún yín á bá a kú. Kì í ṣe pé ẹ ò fọkàn tán ọmọ tó bá yín ṣe é o, àmọ́ èèyàn lè rìnrìn àjò, ó lè ṣàìsàn, fóònù ẹ̀ lè sọ nù.

Sáìtì tí mo fi ń ta pátì mọ́tò ní Ládìpọ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣí, àwọn kọ́sítọ́mà ń bínú. Ẹni tó ṣe é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ṣé òótọ́ ni?
Onípátì mọ́tò, Ládìpọ̀, Èkó

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi tiẹ̀, àmọ́ fọ́tò yín ló jẹ̀bi jù, ọ̀gá. A wo ọ̀kan, fọ́tò páàdì bíréèkì, megabyte 4, bí fóònù ṣe yà á náà ni wọ́n ṣe gbé e sókè. Irú ẹ̀ 30 ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ìyẹn megabyte 120 tí kọ́sítọ́mà á fi dátà ẹ̀ san kó tó rí gbogbo ẹ̀. Ẹ dín in kù sí pixel 1,200 ní fífẹ̀, ẹ yí i sí WebP, ìyẹn irú fáìlì fọ́tò kan tó fúyẹ́, kò ní sábà ju kilobyte 200 lọ mọ́, ojú ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Sáìtì kan tó ń jẹ́ Squoosh ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ tẹ orúkọ sáìtì yín sínú PageSpeed Insights ti Google, tó ń wo bí sáìtì ṣe ń yára ṣí tó, àbájáde ti fóònù ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Google ní ohun tó tóbi jù lójú ìwé yẹ kó ti jáde kí ìṣẹ́jú àáyá 2.5 tó pé.

A rí i pé "Not secure" ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáìtì yín. Láti July 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ síwájú sáìtì tí kò ní https, ìyẹn ààbò tó ń bo ohun tí èèyàn bá kọ sórí sáìtì, ó sì ń lé èèyàn sá. Let's Encrypt ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí tí https ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ hosting sì ní bọ́tìnnì ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ san owó gọbọi fún un, ẹ bi í pé kí ló dé.

Ohun kan tó kù nìyí, ẹni tó ń wá pátì ti mọ ohun tó ń wá, mẹkáníìkì ẹ̀ ló rán an. Ẹ fi àpótí síbẹ̀ tó ti lè mú irú mọ́tò, ọdún ẹ̀ àti nọ́ńbà pátì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ni mo wà ní London, mò ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ rírò, mò ń dì í sínú rọ́bà, mo tún ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ṣìn-ṣín. Mo fẹ́ kúrò lórí WhatsApp kí n ní sáìtì gidi. Kí ni kí n rí i pé ó wà níbẹ̀ kí ìjọba má bàa mú mi?
Olóúnjẹ, Peckham, London

Ẹ kú àjò o, ẹ kú òtútù. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú sáìtì, ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ní council, ìyẹn ìjọba àdúgbò yín, gẹ́gẹ́ bí olóúnjẹ? Ọ̀fẹ́ ni, ó kéré tán ọjọ́ 28 kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí tà ni wọ́n ní kó ṣe é, tẹ́ ẹ bá sì ti ń tà láìṣe é, ẹ lọ ṣe é báyìí.

Èyí tó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ allergy, ìyẹn oúnjẹ tí ara àwọn kan kì í gbà, torí ẹ̀mí èèyàn ni. Nǹkan 14 ni òfin Britain ní kí olóúnjẹ dárúkọ tó bá wà nínú oúnjẹ ẹ̀, ẹni tó ń rà á látọ̀nà jíjìn sì gbọ́dọ̀ rí i kó tó parí ríra, kó tún rí i nígbà tí oúnjẹ bá dé ọwọ́ ẹ̀. Ẹ wo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yín dáadáa. Edé wà níbẹ̀, ó wà lára 14 yẹn. Ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, òun náà wà lára ẹ̀. Irú ńkọ́? Tó bá jẹ́ igbá ni wọ́n fi ṣe é, kò sí lára ẹ̀, àmọ́ àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe irú, sóyà sì wà níbẹ̀, ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ̀ ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ yí páálí Mágì yẹn padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ lè bá sóyà, àlìkámà tàbí celery ńbẹ̀. Ti ṣìn-ṣín ò fara sin, fùláwà, ẹyin, mílíìkì. Ẹ kọ wọ́n sábẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ojú ìwé ẹ̀yìn tẹ́nikẹ́ni ò ní ṣí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára rọ́bà náà.

Orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì, àdírẹ́ẹ̀sì àti íméèlì gbọ́dọ̀ wà lórí sáìtì, tó bá jẹ́ limited company lẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àròpọ̀ owó pẹ̀lú owó tẹ́ ẹ fi máa gbé e lọ, kí wọ́n rí i kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ọbẹ̀ tó lè tètè bàjẹ́, wọn ò lè ní àwọn yí ọkàn padà lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ̀lùbọ́ inú àpò, wọ́n ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ wọn láti sọ pé àwọn ò fẹ́ mọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń se oúnjẹ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, tó bá jẹ́ Thursday lẹ̀ ń sè tẹ́ ẹ sì ń fi ránṣẹ́ ní Friday, kí ẹni tó ń rà á ní Manchester mọ̀ pé á wà nílé tí wọ́n bá gbé e dé.